Ẹ Bi Ẹni Tí Yóò Lò Ó Kí Ẹ Tó Ṣe Áàpù Ìlera

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe áàpù ìlera fún wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí bí wọ́n ṣe lè fi fóònù ṣe àkọsílẹ̀ aboyún àti ọmọ ọwọ́.

Ní 1989, Fred Davis, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ohun méjì ló ń mú èèyàn tẹ́wọ́ gba ẹ̀rọ: kó gbà pé yóò wúlò fún iṣẹ́ òun, àti pé lílò rẹ̀ kò ní ni òun lára. Nínú ìwádìí rẹ̀, ìwúlò ló wúwo jù. Òótọ́ ni. Agbẹ̀bí tó ti kọ gbogbo nǹkan sínú rẹ́jísítà, tí wọ́n tún ní kó tẹ ohun kan náà sínú fóònù nígbà tí aboyún ṣì tò sílẹ̀, kò sí àwọ̀ mèremère tí yóò mú un fẹ́ràn áàpù yẹn. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá lè to orúkọ àwọn ọmọ tí abẹ́rẹ́ wọn ti pẹ́, kó sì bá a ṣe àròpọ̀ ìparí oṣù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá a kiri.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ńkọ́? Donald Norman, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà nípa bí èèyàn ṣe ń lo ẹ̀rọ, ní bí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ṣe rò ó yàtọ̀ sí bí ẹni tó ń lò ó ṣe rò ó, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wọlé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Áàpù á kọ déètì lédè Faransé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ọjà ni ọ̀pọ̀ ìyá ń kà. Ọ̀sẹ̀ 4 tó wà láàárín abẹ́rẹ́ kan sí èkejì jẹ́ ọjọ́ 28. Ọjà ọrún, bí a bá yọ tòní kúrò, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń padà. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, ìṣirò méjèèjì bára mu gẹ́lẹ́! "Ìyá, ẹ yọ tòní kúrò, ẹ ka ọjà méje." Ẹ fi ohùn Yorùbá gbà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, kí fóònù sọ kedere pé àkọsílẹ̀ wà níbí, kò tíì lọ. Ohun tí Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa ìrọ̀rùn lílo ẹ̀rọ, fi ṣe àkọ́kọ́ nínú ìlànà 10 rẹ̀ ní 1994 nìyẹn: kí ẹ̀rọ máa jẹ́ kí ẹni tó ń lò ó mọ ibi tí nǹkan dé. Agbẹ̀bí tí kò mọ̀ bóyá ó wọlé á tún un tẹ̀, ọmọ kan á di méjì.

Èyí tó ká mi lára jù ni fóònù tí kì í ṣe ti obìnrin náà. Àbá àwọn onímọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ẹnì kan ló ni fóònù kan. Nínú agbo ilé, nọ́ńbà ọkọ ni aboyún sábà máa ń fún wa, ọmọ iléèwé ló sì ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ fún wọn. Ẹ má fi èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀ láé. "A ń retí yín lọ́jọ́ ọjà" ti tó. Kí ẹ tó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ bi obìnrin náà, lóun nìkan, ta ló ń gbé fóònù ọ̀hún.