Ohun tí Scottie fojú ara rẹ̀ rí

Èmi àti àbúrò mi wo Vertigo, fíìmù Hitchcock ti 1958, lálẹ́ àná. Bí obìnrin yẹn ṣe já bọ́ láti orí ilé agogo, àbúrò mi pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó Elster ti kú o!" Mo dákẹ́ ní tèmi, torí mo ti wò ó rí.

Òótọ́ ni, ó kú. Scottie, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí Elster ní kó máa ṣọ́ ìyàwó òun, gbà bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ ló sì fi rí i. Àmọ́ kò bá ìyàwó Elster pàdé rí láyé! Judy, tí Elster gbà síṣẹ́ kó ṣe bíi pé òun ni ìyàwó náà, ló ń tẹ̀ lé kiri San Francisco. Ìyàwó gan-an ni ọkọ rẹ̀ jù sílẹ̀, torí ó mọ̀ pé òòyì tó ń kọ́ Scottie níbi gíga kò ní jẹ́ kó gun òkè dé. Ìkà èèyàn.

Ní 1963, Edmund Gettier, onímọ̀ ọgbọ́n orí, fi ojú ewé 3 péré ṣàlàyé pé èèyàn lè gba òótọ́ gbọ́, kó ní ẹ̀rí tó dáa, síbẹ̀ kó má mọ̀ ọ́n. Àwa ń sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Scottie ńkọ́?

Nígbà tí Scottie tún bá Judy pàdé lẹ́yìn náà, ẹ̀gbà ọrùn “ìyàwó” yẹn tó rí lọ́rùn rẹ̀ ló là á lójú. Ló bá wọ́ ọ padà sórí ilé agogo náà, Judy sì já bọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó, ṣé ẹ̀bi Scottie ni?