Ilé Ti Wà, Ẹrù Ṣì Ń Bọ̀: Nàìjíríà àti Jámánì

Ẹni tó bá gba ilé ní Nàìjíríà ti náwó gan-an kó tó wọlé: owó ọdún kan gbáko, owó ejẹ́ǹtì, owó àgíríméǹtì. Ṣùgbọ́n tí kọ́kọ́rọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó lè sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹrù ì báà má tíì dé. Síńkì wà ní kíṣìnì, ibi tí wọ́n ń fi gílóòbù sí wà lókè àjà, ará ilé kan á sì ti yọjú kí ilẹ̀ tó ṣú: "Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ẹ ti rí omi?"

Ní Jámánì, owó ilé kò wọni lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Oṣooṣù là ń san án. Owó ìdógò tí onílé ń gbà kò gbọ́dọ̀ ju owó ilé oṣù 3 lọ, òfin sì gbà kí àyálégbé pín in san lẹ́ẹ̀mẹta. Inú ilé gan-an ni wàhálà wà. Ọ̀pọ̀ ilé àyágbé níbẹ̀ ni kò ní kíṣìnì rárá. Ẹni tó ń kó jáde máa ń tú kọ́bọ́ọ̀dù, síńkì àti sítóòfù rẹ̀ lọ, á tú iná òkè àjà mọ́ ọn, torí òun ló rà wọ́n. Onílé ò rẹ́ni jẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ béèrè nípa kíṣìnì kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, torí àyálégbé tó ń lọ lè gbà láti ta tirẹ̀ fún yín.

Nígbà tí a kó dé Jámánì, ògiri funfun báláú lèmi àti ìyàwó mi bá, ẹnu páìpù tí wọ́n fi ìdérí dí, àti wáyà tó rọ̀ sílẹ̀ láti òkè. Kọ́ńténà wa ṣì wà lórí òkun. Inú básíà ìfọwọ́ ní báluwẹ̀ la ti ń fọ abọ́. Ẹnu ẹ̀rọ omi rẹ̀ kúrú débi pé ìkòkò ò lè wọ abẹ́ rẹ̀, kọ́ọ̀pù la fi ń bu omi sínú ìkòkò díẹ̀díẹ̀. Sítóòfù oníná olójú kan wà lórí pèpéle fèrèsé, kẹ́tù tí a gbé láti ilé sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kẹ́tù yẹn ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí fóltì 230 ni iná orílẹ̀-èdè méjèèjì. Púlọ́ọ̀gì nìkan ni kò bára mu: tiwa ní ẹsẹ̀ mẹ́ta onígun, tiwọn ní méjì roboto. Inú báàgì ọwọ́ ni kí adátọ̀, ohun tó ń mú púlọ́ọ̀gì méjèèjì bára mu, wà.

Ọjọ́ Àìkú tún lọ́wọ́ nínú. Òfin ló ti ọ̀pọ̀ jù lọ ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ náà. Nílé, ẹ ó rí ẹni tí yóò ta gílóòbù fún yín ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Níbí, ẹ tètè rà á ní Sátidé, pẹ̀lú ọṣẹ àti tíṣù.

Ará ilé ò ní wá kanlẹ̀kùn yín, kì í sì í ṣe ìkà. Àwa la lọ kí wọn. Màmá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ yá wa ní àga méjì, ó sì kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀. Lójú tèmi, ìkíni yẹn ṣe wá lóore ju ohunkóhun tí a rà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ mú ní pàtàkì ni orúkọ àti ìwé. Tí orúkọ yín ò bá sí lára àpótí lẹ́tà, lẹ́tà yín lè padà sẹ́yìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 tí ẹ bá kó wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ àdírẹ́sì yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú, pẹ̀lú ìwé tí onílé buwọ́ lù. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ yẹn wà lára ohun tí àwọn aṣọ́bodè máa fẹ́ rí tí ẹrù bá gúnlẹ̀. Wọn kì í gba owó ibodè lórí ẹrù ẹni tó ń kó wá gbé, tó bá ti gbé lẹ́yìn òde Ìṣọ̀kan Yúróòpù fún oṣù 12 ó kéré tán, tó sì ti lo ẹrù náà fún oṣù 6. Kò sì gbọ́dọ̀ tà á tàbí fi yáni láàárín oṣù 12 lẹ́yìn tí ẹrù náà bá ti wọlé. Ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí èbúté, kí ẹ sì mú ìwé náà wọ ọkọ̀ òfurufú.