Ẹ̀yin tí ẹ wa tírélà ní Amẹ́ríkà, tí ẹ fẹ́ wá kọ́ni ní Ìkòròdú

Àṣà kan wà nílé tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá jà: kí dírẹ́bà gbé ọkọ̀ lé mọ́tò bọ́ì lọ́wọ́ lóru, kí òun lọ rẹjú. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní ìwé ìkọ́ṣẹ́ nìkan kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ láìsí ẹni tó ní ìwé àṣẹ pípé níjòókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti oṣù Kejì ọdún 2022, òfin ibẹ̀ tún ní kí olùkọ́ ti wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún 2, tàbí kó ti fi ọdún 2 kọ́ni. Ẹ gbé méjèèjì bọ̀ wálé. Kíláàsì G ni ìwé àṣẹ tírélà lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò tíì gbà á, ẹ má sùn tì í.

Bíréèkì afẹ́fẹ́ ni kó kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ fi wẹ́ẹ̀jì há táyà, kí afẹ́fẹ́ kún títí géèjì yóò fi dúró, láàárín 120 sí 140 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Kó pa ẹ́ńjìnì, kó ṣí kọ́kọ́rọ́ padà láì ta á, kó tú bọ́tìnnì bíréèkì ìgúnlẹ̀ sílẹ̀, kó wá tẹ ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1. Bí tírélà bá so mọ́ orí ọkọ̀, ohun tó jò kò gbọ́dọ̀ ju 4 lọ lórí géèjì. Lẹ́yìn náà, kó máa tẹ̀ ẹ́, kó máa fi í sílẹ̀. Kí afẹ́fẹ́ tó wálẹ̀ kọjá 55, iná tàbí fèrè ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́. Láàárín 45 sí 20, bọ́tìnnì bíréèkì ìgúnlẹ̀ á fò jáde fúnra rẹ̀. Kó máa ka nọ́ńbà náà sókè kí ẹ gbọ́. Bí ìkìlọ̀ kò bá ṣiṣẹ́, ọkọ̀ kò jáde, kódà kí ẹlẹ́rù máa pariwo lórí fóònù.

Kọ̀nténà tó ń ti Àpápá bọ̀ ní Odógunyàn ní ìdè mẹ́rin, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ fọwọ́ kan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fífi ojú wò ó kò tó. Ẹrù gíga tó bá sáré yí kọ́nà máa ń fẹ́ dojú dé, bí ìdè kò bá sì sí, kọ̀nténà á já bọ́ sórí ẹni ẹlẹ́ni.

Rìfáàsì ló ń mú olùkọ́ bínú jù. Kó fi ọwọ́ di ìsàlẹ̀ sítíárì: ibi tó bá gbé ọwọ́ náà sí ni ìdí tírélà ń lọ. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé á yí i jù, tírélà á wá ṣẹ́ sí orí ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já sítíárì gbà. Ẹ ní kó dúró, kó sọ̀ kalẹ̀, kó yí ọkọ̀ po, kó wá sọ ohun tó rí kó tó tún gbìyànjú, bó bá tilẹ̀ di ìgbà mẹ́wàá. Pápá tó ṣófo ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe ìdí ráńdábáòtù Ìkòròdú.