Ẹ̀jẹ̀ Ti Dì: Ìdúpẹ́ Lórí Àwọn Tí Ejò Bù Ṣán

Ẹ bá wa gbé Ọlọ́run ga. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Àjàṣẹ́-Ìpo dé Òmù-Àrán, iṣu ti ń délé. Àwọn kan wà tí ejò bù ṣán lóko tí wọ́n tún fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá síbi ìdúpẹ́. Ọpẹ́ wọn ni àwa tí a ń tọ́jú irú wọn gbé wá. Ọlọ́run ló ṣe é, kò sí àní-àní. Ọ̀nà tó gbà ṣe é la fẹ́ kà, oríkèé kan tẹ̀ lé òmíràn, torí ẹ̀rí tí a kò bá sọ délẹ̀ kò lè gba ẹlòmíràn là.

A dúpẹ́ lórí bàtà. Ẹni tó ka Sáàmù kó tó jáde nílé àti ẹni tó ka Ayatul Kursiyyu, bàtà òjò kan náà ni wọ́n jọ ń wọ̀. Ẹsẹ̀ ni ejò máa ń bù ṣán jù, ọwọ́ ló tẹ̀ lé e, nítorí ọwọ́ là ń fi ṣí ewé orí ebè, òun náà la sì ń tì bọ ihò òkété.

Ejò tó ń ṣọṣẹ́ jù, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní carpet viper, kì í ṣe ńlá. Ó kúrú, kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, àwọ̀ rẹ̀ bá ilẹ̀ àti ewé gbígbẹ mu. Bí inú bá ń bí i, á ká kò, á máa fi ìpẹ́ gbo ìpẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi. (Lálẹ́, okùn ilẹ̀ ni àwọn àgbà ń pè é. Kò burú. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é ní ejò.) Paramọ́lẹ̀ ní tirẹ̀ sanra, ojú ibi tó bá bù ṣán á wú, á lé bí ibi tí iná jó. Èyí tó ń tutọ́ síni lójú, omi tó mọ́, tó sì pọ̀, la fi ń ṣan ojú náà lójú ẹsẹ̀.

A dúpẹ́ lórí àwọn tó wà nítòsí. Wọn ò lé ejò wọgbó, níbi tí ẹnì kejì ti máa ń fara gbá. Wọ́n bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti bàtà kí ara tó wú mọ́ wọn. Wọ́n fi pákó méjì há ẹsẹ̀ náà, wọ́n ya ìró wé e kó má baà mì, torí bí ẹran ara bá ṣe ń ṣiṣẹ́ ni oró ń yára wọlé. Ọ̀kadà kan gbé wọn: awakọ̀ níwájú, ẹni tí ejò bù ṣán láàárín, ẹni tó dì í mú lẹ́yìn. Wọ́n ń gbàdúrà lọ. Epo sì kún inú ọ̀kadà náà.

Wọn kò fi okùn de ẹsẹ̀ pinpin, èyí tó lè pa ẹran ara títí wọ́n á fi gé ẹsẹ̀. Wọn kò lo òkúta dúdú, tí kì í fa oró kankan, àfi wákàtí tó ń fà. Wọn kò lo aspirin, parasítámọ̀ ni. Gbẹ́rẹ́ ló ń bí wa nínú jù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dì mọ́ lẹ ń sín ní gbẹ́rẹ́!

Nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Oró ejò kékeré yẹn máa ń jẹ ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì tán nínú ara. Ẹ̀jẹ̀ á máa yọ ní èrìgì, á máa bá ìtọ̀ jáde, ó sì lè ya sínú ọpọlọ. Àyẹ̀wò tó ń tú àṣírí rẹ̀ kò gba iná mànàmáná. A ó fa ẹ̀jẹ̀ mílílítà 2, a ó dà á sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ onígíláàsì tuntun tó gbẹ, a ó gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láìfọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà a ó dojú rẹ̀ kodò lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ṣàn, oró ti ṣiṣẹ́. Ike kò ṣe é lò, nítorí gíláàsì gan-an ló ń ta ẹ̀jẹ̀ jí láti dì. Ìgò tí wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ rí náà kò ṣe é: ẹ̀jẹ̀ ẹni tí nǹkan kan kò ṣe lè kọ̀ láti dì nínú rẹ̀, a ó sì fi oògùn tó wọ́n bí ojú ṣòfò. Bó bá sì dì nígbà àkọ́kọ́, ẹ má tíì ká ẹní. Oró lè pẹ́ kó tó farahàn, ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un ṣe.

Abẹ́rẹ́ ejò ló kù. Wọ́n ń gún ẹṣin tàbí àgùntàn ní oró díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi mọ bí a ti ń bá a jà, wọ́n á wá yọ ohun ìjà náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Costa Rica ni wọ́n ti ń ṣe ti ẹṣin, Wales ni wọ́n ti ń ṣe ti àgùntàn. Ní Kaltungo, ìpínlẹ̀ Gombe, wọ́n fi èèyàn 400 dán méjèèjì wò, èsì rẹ̀ jáde ní 2010. Ìgò 3 ti ẹṣin la fi ń bẹ̀rẹ̀, ti àgùntàn jẹ́ ìgò 1. Ṣùgbọ́n ti àgùntàn kò ká ju ejò kékeré yẹn lọ, ti ẹṣin ká paramọ́lẹ̀ àti èyí tó ń tutọ́ mọ́ ọn. Ìwọ̀n tí àgbà ń gbà lọmọdé ń gbà, torí ejò kì í bu oró kù fún ọmọdé. Kí dírípù tó bẹ̀rẹ̀, adrenaline, oògùn tó ń ṣí èémí, ti gbọ́dọ̀ wà nítòsí, nítorí ara ẹlòmíràn lè kọ abẹ́rẹ́ ejò náà, kí èémí há.

Lẹ́yìn èyí, wákàtí 6. Ẹ̀dọ̀ nílò rẹ̀ kó tó pèsè òmíràn dípò ohun tí oró jẹ. A ó tún gbé ìgò tuntun kalẹ̀, a ó tún ka ìṣẹ́jú 20. Bó bá ṣì ń ṣàn, a ó fi oògùn kún un. Àwọn ẹbí mìíràn máa ń ní ká gbé ìgò náà wá káwọn fojú ara wọn rí i. A máa ń gbé e fún wọn, a ó dà á dojú dé lójú wọn. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, dúdú, lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò, kò mì.

Alhamdulillahi. Halelúyà.