Ìwé Àjọ Àbúrò Mi

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin kó jáde nílé ọkọ rẹ̀, ohun tí ẹbí ń sọ ni pé kó gbàgbé ilé tí wọ́n jọ kọ́ sí Ìgbógbó, nítorí pé orúkọ ọkọ nìkan ló wà lórí ìwé ilẹ̀. Èmi kò gbà. Ọdún 11 ló ti ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Sábó ní Ìkòròdú, mo sì mọ ibi tí owó rẹ̀ ń wọlé sí. Ṣùgbọ́n adájọ́ kò lè fi ohun tí mo mọ̀ dájọ́, àfi bí ẹ̀rí bá wà lẹ́yìn rẹ̀.

Irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ni lọ́yà kọ́kọ́ béèrè. Òfin ìgbéyàwó ọdún 1970, tó fún adájọ́ lágbára láti pín dúkìá láàárín tọkọtaya, kò kan àwọn tó fẹ́ra ní ìlànà ìbílẹ̀ tàbí ti Ìsìláàmù nìkan. Kóòtù ìbílẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn máa ń lọ, ó sì ṣòro fún ìyàwó láti gba ìpín nínú ilé níbẹ̀. Àbúrò mi ti fọwọ́ síwèé ní rẹ́jísìrì kí wọ́n tó ṣe ìnáwó, nítorí náà Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó ni a gbé ẹjọ́ náà lọ.

Lọ́yà kọ gbogbo ohun tí a fẹ́ sínú ìwé ẹ̀sùn láti ìbẹ̀rẹ̀: ìkọ̀sílẹ̀, àbójútó àwọn ọmọ, owó ìtọ́jú àti ìpín nínú ilé, nítorí pé adájọ́ kì í fún ènìyàn ní ohun tí kò béèrè. Ní abala 70 òfin náà, kí kóòtù tó dá iye owó ìtọ́jú, yóò wo ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ohun tó lágbára láti rí nídìí iṣẹ́ rẹ̀, àti ìwà tí wọ́n hù sí ara wọn. A sì lè béèrè owó náà kí ẹjọ́ tó parí, èyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò mọ̀ tí ebi fi ń lé wọn padà síbi tí wọn kò fẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ dúkìá wà ní abala 72, níbi tí adájọ́ ti lè pàṣẹ pé kí a fi dúkìá ṣe ohun tó bá tọ́ tó sì yẹ fún tọkọtaya àti àwọn ọmọ wọn.

Ibi tó le jù nìyí. Nínú ẹjọ́ Amadi àti Nwosu, ní 1992, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé ìyàwó tó ní òun ràn ọkọ lọ́wọ́ láti kọ́lé kò ṣàlàyé irú ìrànlọ́wọ́ náà àti bó ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí mo ka èyí fún àbúrò mi, ó wò mí títí, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ní í gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀?” N kò rí èsì fún un. Mo gbà lóòótọ́ pé òfin ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ìfẹ́ kò jẹ́ kó tọ́jú ìwé, ìyẹn sì ń dùn mí títí di òní.

Ìwé àjọ ló yọ wá. Gbogbo àmì tí màmá alájọ fi sí i, ojoojúmọ́, wà níbẹ̀, oṣù tí àbúrò mi sì kó àjọ tó tóbi jù ni oṣù tí wọ́n kan òrùlé. A rí rìsíìtì páànù tí oníṣòwò kọ orúkọ rẹ̀ sí, a sì gba àkọsílẹ̀ báńkì tó fi owó tó san fún káfíńtà hàn. Màmá alájọ fúnra rẹ̀ ní òun yóò wá jẹ́rìí.

Lẹ́yìn tí lọ́yà ọkọ ti rí àwọn ìwé wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ àdéhùn, adájọ́ sì sọ ọ́ di ìdájọ́ kóòtù, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè kọ̀ láìjẹ́ pé ó rú àṣẹ. Yàrá méjì tó kọjú sí títì di ti àbúrò mi, kó máa gba owó ilé lórí wọn, ọkọ yóò sì máa san owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Nígbà tí a dé ilé, ó fi ìwé àjọ náà sínú ọ̀rá, ó dì í, ó sì fi í sí abẹ́ aṣọ nínú àpótí rẹ̀.