Nọ́mbà 74 tí mo kọ síwájú orúkọ ọmọ kan

Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń kọ́ ọmọ pírámárì n'Íbàdàn. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe ní kíláàsì, ọ̀kan wà tó ṣì máa ń gba oorun lójú mi. Òun ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí mo ń rí àwọn òbí tó ń fi ìdánwò IQ orí fóònù dán ọmọ wọn wò, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n ní ó ń fi nọ́mbà sọ bí ọgbọ́n èèyàn ṣe tó, tí wọ́n á sì gba ohun tó bá jáde gbọ́ bí ẹni gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Lọ́dún náà, ẹni tó ni ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ mú ìwé ìdánwò IQ kan wá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ogójì ìbéèrè, ogún ìṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ká ṣe é fún àwọn ọmọ Pírámárì 4, ká fi èsì rẹ̀ pín wọn sí kíláàsì méjì: àwọn tí orí wọn pé, àti àwọn tó kù. Ó fún kíláàsì méjèèjì lórúkọ tó dùn létí, àmọ́ kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn ọmọ fi mọ èyí tó jẹ́ ti olódo. Èmi ni mo máàkì ìwé náà. Èmi ni mo fi bírò pupa kọ IQ 74, níbi tí 100 ti jẹ́ àárín, síwájú orúkọ ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òkè-Ògùn dé sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, tí kò tíì lo oṣù mẹ́rin láàárín wa. N ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà pé sáyẹ́ǹsì ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mọ́tò kékeré kan ló là mí lójú. Ọjọ́ Ẹtì kan lẹ́yìn tí ilé ìwé jáde, mo bá ọmọ náà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń ti lọ́rí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Agolo mílíìkì ni orí rẹ̀, agolo sàdíìnì méjì tó so pọ̀ ni ẹ̀yìn, ó sì gé sílípáàsì tó ti gbó róbótó-róbótó fi ṣe táyà. Títí dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ ó ti fi wáyà gígùn kan ṣe ọwọ́ ìtukọ̀. Wáyà yẹn gba abẹ́ lọ́rí lọ bá táyà iwájú, tó bá yí i sọ́tùn-ún, táyà méjèèjì á jọ yí sọ́tùn-ún. Mo ní kó fi hàn mí. Ó jókòó sílẹ̀, ó tú u palẹ̀, ó sì tún un tò lójú mi. Ó fi ìka tọ́ka sí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó so mọ́ táyà, ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó, tí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, á máa fà síbì kan. Mo kọ́kọ́ ṣe é bẹ́ẹ̀, kò lọ tààrà." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ yọ ìwé ìdánwò rẹ̀ látinú fáìlì, mo pè é jókòó tì mí. Ìbéèrè kan ní àwòrán mẹ́rin: ànàmọ́, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbàdo, ọ̀bẹ. Èwo ni kò bá àwọn yòókù rìn? Ọ̀bẹ ni ìdáhùn tó wà níwájú mi, torí oúnjẹ ni àwọn mẹ́ta tó kù. Àgbàdo ni ọmọ yìí fàlà sí. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Àǹtí, ọ̀bẹ la fi ń bó ànàmọ́, òun náà la fi ń bó ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Àgbàdo, ọwọ́ lásán la fi ń bó o." Ẹnu mi wọhò. Mo ti fi bírò pupa fàgi lé ìrònú tí kò ní àbùkù kankan.

Ìbéèrè mẹ́tàdínlógún ló fi sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí. Mo bi í bóyá kò mọ̀ wọ́n ni. Ó ní òun ò tíì dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ní ká dá bírò dúró, òun fẹ́ kọ́kọ́ rí i dájú. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé pé kó má kánjú sọ̀rọ̀ níwájú àgbà, a gbé aago síwájú rẹ̀, a ní ẹni tó bá yára ló gbọ́n. Mo wá ka ìbéèrè náà fún un ní Yorùbá, láìwo aago. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló gbà nínú ogójì. N ò sọ pé IQ rẹ̀ ló gòkè o. Ìdánwò tí a bá ti yí òfin rẹ̀ padà kì í ṣe ìdánwò yẹn mọ́, a ò sì lè fi nọ́mbà rẹ̀ wé ti ẹlòmíì. Ohun tí mo rí ni pé 74 yẹn kò sọ ohunkóhun fún mi nípa orí ọmọ yìí. Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì gbọ́ dáadáa àti ìfarabalẹ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìwé kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, inú mi sì bà jẹ́ nígbà tí mo mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ lọ sílé ìwé, wọ́n wá ń wá ọ̀nà tí wọ́n á fi mọ àwọn tí ẹ̀kọ́ ń le fún, kí wọ́n lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí Alfred Binet àti Théodore Simon fi gbé ìdánwò wọn jáde ní Paris lọ́dún 1905. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Binet tiẹ̀ kọ̀wé tako àwọn tó ń sọ pé ibi tí ọgbọ́n ọmọ bá dé, ibẹ̀ náà ló máa dúró sí. Ó kú lọ́dún 1911. Lọ́dún 1912, William Stern ní Jámánì dá a lábàá pé ká fi ọjọ́ orí ọmọ gan-an pín ọjọ́ orí ọpọlọ rẹ̀ (ìyẹn ọjọ́ orí àwọn ọmọ tó sábà máa ń gba irú èsì tó gbà), ibẹ̀ ni IQ ti jáde. Lọ́dún 1916, Lewis Terman ní Yunifásítì Stanford tún ìdánwò náà ṣe fún Amẹ́ríkà, òun sì gbà pé àbímọ́ ni ọgbọ́n, kò ṣeé yí padà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, tó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Lára ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n ni orúkọ ọjà tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Yúróòpù sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ni. Wọ́n kọ nọ́mbà síwájú orúkọ wọn bí mo ṣe kọ 74.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí nọ́mbà náà jẹ́ gan-an, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Látìgbà tí David Wechsler ti gbé ìdánwò IQ tirẹ̀ jáde lọ́dún 1939, IQ ti dà bíi ipò tí ọmọ gbé ní kíláàsì. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ìdánwò náà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, wọ́n á fi 100 sí àárín, wọ́n á wá wo ibi tí ìwọ bọ́ sí láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Nínú èèyàn 100, bíi 68 ló máa wà láàárín 85 sí 115. Bíi méjì péré ló máa kọjá 130. Ẹni tó gba 120 kò fi ìdá kan nínú márùn-ún gbọ́n ju ẹni tó gba 100 lọ, torí wọn kì í wọn ọgbọ́n bí wọ́n ṣe ń fi kóńgò wọn gààrí. Kódà tó bá jẹ́ ojúlówó ìdánwò, tí onímọ̀ fi ojú kojú ṣe fún ọmọ, nọ́mbà rẹ̀ lè fi bíi márùn-ún lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Èyí tí ẹ rí lórí fóònù ńkọ́? Ta ni wọ́n fi ọmọ yín wé? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Àwọn kan á ní, "Ó tán, irọ́ òyìnbó lásán ni." Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1932, wọ́n ṣe irú ìdánwò yìí fún ọmọ 87,498 ní Scotland, àwọn tí wọ́n bí lọ́dún 1921. Nígbà tí Ian Deary àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún wá díẹ̀ nínú wọn rí lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ṣe ìdánwò kan náà fún wọn, púpọ̀ àwọn tó ṣe dáadáa lọ́mọdé ṣì wà níwájú ẹgbẹ́ wọn. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó dúró. Ìdánwò tó dáa máa ń sọ díẹ̀ nípa bí ọmọ á ṣe ṣe nílé ìwé. Ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ohun tí ọmọ jogún lára òbí rẹ̀, náà ní ipa tirẹ̀, àwa tí à ń rí ọmọ lójoojúmọ́ mọ̀ pé wọn kì í dọ́gba.

Àmọ́ kí lẹ fẹ́ sọ sí ti James Flynn, ará New Zealand? Òun ló fi hàn pé jákèjádò ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, èsì ìdánwò yìí ń fi bíi máàkì mẹ́ta gòkè ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ní ọ̀rúndún tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ kì í yára yí padà báyẹn. Ilé ìwé, oúnjẹ, ìlera, irú ìrònú tí ayé òde òní ń kọ́ wa, ibẹ̀ ló ti wá. Ìwádìí tí Stuart Ritchie àti Elliot Tucker-Drob kó jọ lọ́dún 2018 fi hàn pé ọdún kan sí i nílé ìwé máa ń fi máàkì kan sí márùn-ún kún IQ. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ wa gan-an wà nínú nọ́mbà náà, bẹ́ẹ̀ la fi ń dá ọmọ lẹ́jọ́ kó tó gba ẹ̀kọ́ yẹn! Ní ti oúnjẹ àti ìlera tí mo mẹ́nu bà, ẹ rántí iyọ̀ tó ní áyódínì torí ọpọlọ ọmọ, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ ṣeré níbi tí wọ́n ti ń tú bátìrì mọ́tò, torí òjé inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ìwádìí kan wà tí n kì í lè sọ láìrántí lọ́rí alágolo yẹn. Robert Serpell ní kí àwọn ọmọ Lusaka ní Sáńbíà àti àwọn ọmọ Manchester ṣe àdàkọ àwòrán. Nígbà tó jẹ́ pẹ́ńsù àti bébà, àwọn ọmọ Manchester ló ta yọ. Nígbà tó di wáyà, tí àwọn ọmọ Sáńbíà fi ń ṣe mọ́tò ìṣeré, àwọn ọmọ Lusaka ló ta yọ. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní amọ̀, wọ́n dọ́gba. Ọmọ kan náà, ohun tí ẹ bá fi sí i lọ́wọ́ ló yàtọ̀. Ti àgbàdo àti ọ̀bẹ náà ti ṣẹlẹ̀ rí ní Làìbéríà: àwọn ẹ̀yà Kpelle ń to ọ̀bẹ mọ́ ọsàn torí òun la fi ń gé e. Ìgbà tí àwọn olùwádìí bi wọ́n pé báwo ni òmùgọ̀ ṣe máa tò ó, ni wọ́n wá kó oúnjẹ sọ́tọ̀, wọ́n kó irinṣẹ́ sọ́tọ̀.

Ti èdè ló dùn mí jù, torí ilé wa níbí ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan nílé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì láti Pírámárì 4. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yẹn ṣe dáadáa jù nínú àwọn ẹ̀kọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. N'Ìbàdàn tí mo wà yìí, kò ju ìrìn àjò wákàtí méjì lọ sí Modákẹ́kẹ́, mi ò gbọ́ ọ rí títí mo fi dẹ́ṣẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọbìnrin kan náà wà ní kíláàsì àwọn tí wọ́n ní orí wọn pé, 131 ni mo kọ fún un. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ di orin. Kí sáà náà tó parí, ọmọ yẹn ti ń sunkún tí ìṣirò bá le díẹ̀, torí wọ́n ti sọ fún un pé ẹni tí orí ẹ̀ pé kì í ṣì í. Ẹ má sọ nọ́mbà fún ọmọ, ì báà ga, ì báà kéré.

Mo lọ bá ìyá àgbà ọmọ Òkè-Ògùn náà nílé, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mama ní, "Tíṣà, ẹ dìde. Wọ́n ní orí ọmọ mi ò jí, mo sì ń wò ó pé òun ló tún rédíò mi ṣe." Mo bẹ ọmọ náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, Yorùbá la fi ń ṣàlàyé, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ. Verbal àti Quantitative tí wọ́n ń ṣe fún Common Entrance, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí IQ, mo fi hàn án bí wọ́n ṣe máa ń bi ìbéèrè, torí ìyẹn náà jẹ́ ohun tí à ń kọ́. Ó wọlé. Kò ṣe ipò kìíní, kò sì yára kọ̀wé títí tó fi kúrò lọ́dọ̀ wa.

Tí ilé ìwé bá fún yín ní nọ́mbà nípa ọmọ yín, ẹ béèrè orúkọ ìdánwò náà, ẹ béèrè ẹni tó ṣe é fún un, èdè wo, àwọn ọmọ wo ni wọ́n fi wé. Ẹ mú ọmọ lọ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Kí ẹ wá bi wọ́n pé, látàrí nọ́mbà yìí, ìrànlọ́wọ́ wo lẹ fẹ́ ṣe fún ọmọ mi láti ọ̀la lọ? Tí wọn ò bá ní ìdáhùn, ẹ dá ìwé wọn padà fún wọn.