Ẹ Fọwọ́ Pa Kọ́ìnsì Ara Ẹ̀ Ná

Sátidé, aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù.

Bí mo ṣe jí láàárọ̀ ni mo bá fọ́tò kan lórí WhatsApp, àbúrò kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló fi ránṣẹ́, èmi náà ni mo kó àrùn ọfà títa yìí ràn án. Ó ti rí ọrun àtijọ́ kan tó fẹ́ rà, iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bear ló ṣe é, 220 dọ́là ni wọ́n ń tà á, àmọ́ nọ́ńbà ara ẹ̀ nìkan ló hàn nínú fọ́tò yẹn, 9 ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹni tó ń tà á ní 1969 ni wọ́n ṣe é o, ṣé kí n sanwó?" Mo ní kó má tíì sanwó jàre, kó fọwọ́ pa kọ́ìnsì kékeré tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara ọrun yẹn ná, kó wá ya kọ́ìnsì náà ní fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́.

Kò kúkú yé e. Èmi gan-an, kò yé mi nígbà tí mo ra tèmi.

Gárééjì séèlì ni mo ti rà á, ní Michigan níbí, ìyá òyìnbó kan tí ọkọ ẹ̀ kú ló ń kó ẹrù ọkọ ẹ̀ tà. Ọrun yẹn fara ti ògiri lẹ́yìn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, kò sí ọsán lára ẹ̀, àwọn àgbà máa ń wí pé ọsán já, ọrun dọ̀pá, ọ̀pá gan-an sì ni ìyàwó mi pè é, ó ní ta ló máa fi tilẹ̀? 40 dọ́là ni mo san. Ìgbà tí mo délé tí mo fi aṣọ tútù nù ún ni mo rí ohun tí wọ́n kọ sí i lára: Grizzly, ìyẹn ọ̀kan lára ọrun Bear, 58 ín-ǹ-ṣì ni gígùn ẹ̀, agbára tí wọ́n fi ń fà á jẹ́ 45 pọ́n-ùn, lẹ́yìn náà ni "Canada 1953". Háà! Mo pariwo. Gbogbo ẹni tó bá ti wọlé wa lọ́sẹ̀ yẹn ló gbọ́ pé ọrun 1953 ni mo ní.

Bàbá òyìnbó kan níbi tá a ti ń ta ọfà ló já mi kulẹ̀. Ó ní 1953 yẹn kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe ọrun, ó ní ọdún ìwé tí ìjọba Kánádà fún iléeṣẹ́ Bear ni, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń dáàbò bo ẹni tó hùmọ̀ nǹkan kí ẹlòmíì má jí i ṣe, ó sì ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ sára ọrun bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rín pa mí, torí 1953 yẹn náà ló wà nínú ìwé kọ́ọ̀tù tí bàbá mi fi búra ọjọ́ orí. Bàbá tó wọ ilé ìwé ní 1955, lọ́dún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀! Ọmọ ọdún méjì ló lọ nìyẹn àbí? Àwọn fúnra wọn ló sọ fún wa pé tíṣà ní kí àwọn gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí àwọn fi kan etí òsì, ìka wọn kàn án dáadáa, ni wọ́n bá kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Èmi gba ọwọ́ yẹn gbọ́ ju ìwé kọ́ọ̀tù lọ.

Ti ọrun Bear náà, kọ́ìnsì ni ọwọ́ tó ń kan etí. Kọ́ìnsì kékeré kan ni, wọ́n ya béárì sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi lókè ibi tá a ti ń dì í mú. Ṣáájú 1959 kò sí i rárá. Bàbà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, wọ́n ń pààrọ̀ irin ẹ̀ títí, láti 1963 dé 1970 idẹ ni. Gbogbo àwọn yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ pẹ̀lú igi, tó o bá dijú tó o fi ìka pa á, o lè máà mọ ìgbà tó o kúrò lórí igi bọ́ sórí kọ́ìnsì. Láti nǹkan bí 1972 ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta bí eéwo, ó wá di ike.

Tèmi, idẹ ni, ó sì tẹ́. Ìgbà yẹn ni bàbá yẹn tó ní ká wá wo nọ́ńbà, 7 ló fi bẹ̀rẹ̀, torí láàárín 1965 sí 1969, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló ń sọ ọdún. Ọdún márùn-ún péré o! Lẹ́yìn ìyẹn, ọdọọdún ni wọ́n ń ti ìbẹ̀rẹ̀ ka nọ́ńbà wọn, 9 lè jẹ́ ọdún kọ́dún. 1967 ni tèmi nígbà náà, ọdún tí Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá tí ogun sì bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan jókòó ní Grayling lókè Michigan níbí, níbi tí iléeṣẹ́ Bear wà nígbà yẹn, ó ń fi sáńdípépà ha igi yìí. Mo máa ń rò ó tí mo bá dì í mú.

Aago méjì kọjá kí fọ́tò àbúrò mi tó dé. Kọ́ìnsì yọ gọnbu! Grayling ni wọ́n kọ sára ọrun náà, iléeṣẹ́ yẹn sì kó lọ sí Gainesville ní Florida ní 1978, torí náà ọrun yẹn á wà láàárín 1972 sí 1978. Kì í ṣe ọrun burúkú o, ó máa ta ọfà dáadáa tí apá ẹ̀ ò bá lọ́, àmọ́ kì í ṣe 1969, kì í sì í ṣe 220 dọ́là. Ó dúnàá dúnàá, ó gbà á ní 130. Mo ní ọsán Dacron, èyí tó máa ń nà díẹ̀, ni kó rà sí i, kó má lọ ra àwọn ti ìgbàlódé tí kì í nà yẹn, wọ́n lè fọ́ orí ọrun àtijọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo pe bàbá mi, mo ní ẹ ò rí i, 1967 ni wọ́n ṣe ọrun mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa, ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi jù ú lọ."

Mo ní, "Bàbá, mẹ́rìnlá?"

Wọ́n ní, "Ìwé kọ́ọ̀tù wà níbẹ̀."